Bátìrì Ọ̀kadà Níwájú Orí Fákáyọ̀dé

Ọlọ́kadà ni Fákáyọ̀dé ní Ìlúpéjú. Àwa ará àdúgbò la máa ń bá a ti ọ̀kadà rẹ̀ láràárọ̀, torí bátìrì rẹ̀ ò lágbára mọ́. Ó fẹ́ wọ yunifásítì, àmọ́ ìwé kíkà sú u. Ó wá gbọ́ lórí fóònù pé iná díẹ̀ níwájú orí a máa mú kí ọpọlọ jí pépé. Ni gbajúmọ̀ bá tú bátìrì, ó rẹ fóòmù sínú omi iyọ̀, ó fi wáyà sí i, ó dì í mórí. Awọ iwájú orí bó, òòyì kọ́ ọ, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní bàbá. Síbẹ̀, ó ní ọpọlọ òun ti jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ké sí wa ká wá ti ọ̀kadà. Ìyá rẹ̀ jáde síta: "Ẹ fi í sílẹ̀. Orí tó ti gba iná, kó fi sítáàtì ẹ̀!"