Mo Kágò ní Téṣàn Ojú Irin Tí Kò Ní Òṣìṣẹ́

Ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́nà Cuneo ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí líra la ṣì ń ná ní Ítálì.

Sister kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Turin ló bá mi wá iṣẹ́ kíká èso lóko ọ̀gá kan. Ọ̀gá ní òun á dúró dè mí láàárọ̀ ní téṣàn tó sún mọ́ oko. Bí òun ò bá rí mi, òun á mú ẹlòmíì. Èmi tí mo ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ olóore, ṣé mo lè fi irú iṣẹ́ yẹn ṣeré?

Kí ni mo wá ṣe? Mo ṣèèṣì sọ̀ ní téṣàn tó ṣáájú tèmi! Kí n tó mọ̀, tréènì ti lọ.

Kò sẹ́ni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn wà ní títì pa. Síbẹ̀ ilẹ̀ mọ́ tónítóní, òdòdó sì wà lójú fèrèsé. Mo ní ibi tó mọ́ báyìí ò lè ṣàì lónílé. Mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, mo lọgun, "Àgò o! Ẹ kú ilé o!"

Fèrèsé òkè ṣí gbàà! Màmá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ wá, mo sì kúnlẹ̀ kí wọn. Háà! Wọ́n rò pé òòyì ló gbé mi ṣubú. Wọ́n gbé omi, wọ́n gbé àga, wọ́n tún gbé kọfí!

Mo fi ìwọ̀nba Italian tí mo gbọ́ ṣàlàyé, wọ́n sì fi fóònù pe nọ́ńbà ọ̀gá tó wà lọ́wọ́ mi. Bí a ṣe ń dúró, wọ́n ní ọkọ àwọn ni ọ̀gá téṣàn tó kẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ ojú irin ò rán ẹlòmíì wá mọ́. Bàbá ti kú, àmọ́ màmá ṣì ń gbálẹ̀, wọ́n ń bomi rin òdòdó. Mo bi wọ́n pé ta ló ń sanwó fún wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ọ̀gá dé, ó fajú ro. Ó ní òun ti mú ẹlòmíì, torí pé màmá ló pè lòun ṣe yà wá. Màmá ò bá a jiyàn o. Wọ́n kàn bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti ròyìn ọjọ́ tí wọ́n bí i fún un. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọ ọkọ̀.

Ojú ọ̀nà ló ti ṣàlàyé: ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń rọbí, ọkọ màmá yẹn ló dá tréènì dúró dè wọ́n kí wọ́n lè dé ọsibítù ní Cuneo. Ó ní bí kì í bá ṣe ti bàbá yẹn, orí bẹ́ǹṣì téṣàn ni wọn ì bá bí òun sí!

Ẹ ò rí nǹkan? Bàbá tí n kò fojú kàn rí ló wáṣẹ́ fún mi. Oore kì í gbé o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Oore ta lẹ ti jẹ rí, tí ẹ ò tíì rí ẹni tó ṣe é kẹ́ ẹ dúpẹ́? Ẹ sọ ọ́ níbí ká jọ gbọ́.