Yàrá Lonappan Nínú Díìsì

Tó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹnu ọkọ mi Devassy kì í sinmi. Gbogbo àdúgbò wa ní Irinjalakuda, ní ilẹ̀ Íńdíà, ló ń gbé tiwọn wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Máàsì, pé kó bá àwọn fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i. Kì í gbowó. Tíì dúdú àti ìyìn ló ń gbà, ìyìn ló sì fẹ́ràn jù. Á pín díìsì, ìyẹn ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà, sí yàrá méjì: ọ̀kan fún Linux fúnra rẹ̀, èkejì, tí wọ́n ń pè ní home, fún ẹrù onílé. Á ní, "Bí ilé bá wó, ẹrù ò ní bá a lọ." Ẹni tó bá fi gbogbo díìsì ṣe yàrá kan ṣoṣo, á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tíì á fi tutù.

Ó ku díẹ̀ ká ṣe ọdún ikú Lonappan, àbúrò ẹ̀, ni kọ̀ǹpútà olóògbé kọ̀ tí ò tan mọ́. Philomina, opó rẹ̀, gbé e wá sílé wa, ara ẹ̀ ò balẹ̀. Kí Lonappan tó kú, ó gba ohùn ara ẹ̀ sínú ẹ̀rọ yẹn fún ìyàwó rẹ̀. Philomina ò tíì gbọ́ ọ. Ó ní ọkàn òun ò gbé e, àfi lọ́jọ́ ọdún náà, tí àlùfáà bá ti gbàdúrà lórí sàréè tán. Kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sọnù."

"Ta ló pín díìsì yìí? Ṣé kì í ṣe èmi ni? Yàrá Linux nìkan ni mo máa nù, màá sì fi òmíràn sí i. Lonappan wà nínú yàrá tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jí i."

Bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́nnu, tọ́wọ́ ẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì lọ. Ó parí, ó tan ẹ̀rọ, ó ṣí home. Òfìfo ni.

Ó tì í, ó tún ṣí i. Òfìfo náà ni.

Philomina jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ní, "Ẹ ti bá mi sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

"Bàbá Anto," mo bi ọkọ mi, "ṣé ẹ nù ún ni?"

"Mi ò nù ún. Thresia, mi ò nù ún." Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá ló rántí wo bí díìsì ṣe pín. Yàrá kejì wà níbẹ̀, ó kún fọ́fọ́. Ibi tó ti ń fọ́nnu fún wa ló ti gbàgbé láti sọ fún Linux tuntun pé yàrá yẹn ni home, ló bá dá home mìíràn, òfìfo, sílẹ̀ nínú yàrá tiẹ̀. Ó so yàrá kejì mọ́ home, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tan. Fọ́tò padà dé, orin padà dé, ohùn náà padà dé.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," Philomina wí. "Mi ò dúró de ọjọ́ kankan mọ́."

Lonappan wúkọ́, lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. "Philo, ohun kan kí n tó sọ tọkàn mi. Bí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ni kó o gbé e fún. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohùn yìí o. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀, kì í wo ibi tọ́wọ́ ẹ̀ ń lọ."

Devassy dorí kodò sórí tábìlì, èjìká ẹ̀ ń mì. Philomina ló na ọwọ́, tó fi pa á lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ń pín díìsì, ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ohùn ẹ̀. Bí tíì ẹ̀ bá tutù, á fi ìka júwe ife fún mi.