Ẹsẹ̀ Màmá Chadlia Lára Géètì

Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù Dalenda ní ìlú Mahdia. Sítíkà ló ń gé jẹun: nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ apẹja, orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Chadlia, ni wọ́n jọ ń gbé ládùúgbò etí òkun. Ọjọ́ tí Moncef olóhòtẹ́ẹ̀lì, olójúkòkòrò ènìyàn, fi géètì irin dí ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà lọ sí òkun, ọjọ́ náà ni wọ́n mọ irú ẹni tí Dalenda jẹ́.

Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń gbà lọ fọ irun àgùntàn lẹ́yìn Iléyá. Òpin rẹ̀ ni Màmá Chadlia ti kọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn ará àdúgbò gbé Moncef lọ sí kóòtù, ó ní ọ̀nà kankan ò sí níbẹ̀ rí. Adájọ́ ní òun á wá fojú ara òun rí i lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Bí òun ò bá rí àmì pé ọ̀nà wà níbẹ̀, géètì á dúró.

"Àmì ló fẹ́?" ni Dalenda wí. "Màmá, ẹ bọ́ bàtà."

"Kí lo fẹ́ fi ẹsẹ̀ arúgbó ṣe? Àbí o fẹ́ sè é ni?"

Ó ya àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ sórí pépà, pẹ̀lú ọmọ-ìka kékeré tó wọ́ síbì kan. Ó gé e ní sítíkà aláwọ̀ búlúù púpọ̀, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri ilé láti ẹnu ọ̀nà wọn títí dé ìsàlẹ̀ géètì. Rọ́bà tó nípọn jù lọ, tí òjò àti oòrùn ò lè bà jẹ́, ló fi ṣe é.

Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín kò ní parun. Ti Dalenda parun kí oòrùn tó mú. Ọlọ́dẹ Moncef fi èékánná gbé etí rọ́bà yẹn sókè lára géètì, ó sì ṣí i lódindi, bí ìgbà téèyàn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti ara ògiri ilé ò tilẹ̀ dúró dè é. Ẹfun ni wọ́n fi ń kun ògiri níbẹ̀, ẹfun sì máa ń gbọ̀n dànù bí àtíkè. Àwọn ẹsẹ̀ náà já bọ́ fúnra wọn.

"Gba ẹsẹ̀ ìyá ẹ," ni ọlọ́dẹ wí, ó jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Inú bí Dalenda débi pé ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó ronú. Ohun tó lágbára tó fi ń ṣí lódindi, ọ̀tá ló ń bá ṣiṣẹ́. Fún géètì, ó wá oríṣi sítíkà tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu páálí ọjà kí olè má baà tú u, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin. Ó họ ìpẹtà àti iyọ̀ òkun kúrò lára irin kó tó lẹ̀ ẹ́. Fún ògiri, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló lò. Ó se ìyẹ̀fun bí ẹni ń se ògì, ó fi lẹ̀ ẹ́, ẹfun sì fà á mu.

Ọlọ́dẹ fi ọ̀bẹ họ géètì títí. Ẹ̀rún nìkan ló ń rí, ẹsẹ̀ náà ò kúrò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Ọlọ́dẹ," ni Dalenda kí i. "Ṣé ẹ ti jẹun? Iṣẹ́ yẹn mà pọ̀ o."

Moncef ò lè fọwọ́ kan ògiri ilé onílé, ló bá dọ́gbọ́n. Ààwẹ̀ ti ń bọ̀, gbogbo ilé ló sì máa ń kun ẹfun tuntun kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ó fi àpò ẹfun ránṣẹ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́, kí wọ́n lè fi kun àwọn ẹsẹ̀ náà bò. Mbarka, aládùúgbò Dalenda, ló kọ́kọ́ gbé tiẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Mbarka, ìwọ náà?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Dalenda. Ta ló ń kọ ọ̀fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó wọlé, ó tìlẹ̀kùn, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi mọ́ ọjọ́ kejì, tí ìyá rẹ̀ pè é.

"Dalenda! Jáde wá wò ó!"

Gbogbo àdúgbò funfun báláú, ẹsẹ̀ kan ò sì sọnù. Àwọn obìnrin ti fi búrọ́ọ̀ṣì yí ọmọ-ìka kọ̀ọ̀kan po. Lára ògiri tó dọ̀tí tẹ́lẹ̀, búlúù yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Lára ẹfun Moncef, ó ń pariwo. Mbarka dúró lórí àpótí, ẹfun kún imú rẹ̀.

"Ìka tó wọ́ yìí ló fẹ́ pa mí," ni ó wí. "Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ò lè tọ́ bíi tèèyàn ni?"

Dalenda rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí adájọ́ dé, ó tẹ̀lé àwọn ẹsẹ̀ náà dé géètì. Moncef ní ọmọdé pàápàá lè lẹ pépà mọ́ ògiri.

"Ẹsẹ̀ ta ni?" ni adájọ́ bi wọ́n.

Màmá Chadlia bọ́ bàtà. Dalenda àti Mbarka di Màmá mú, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ti ara géètì. Ó bá a mu, títí kan ìka tó wọ́.

"Kí ló ṣe ìka yín, Màmá?" ni adájọ́ bi í.

"Òkúta tó wà lẹ́yìn géètì yìí ló ṣẹ́ ẹ. Ọmọdé ni mí, mo ń sáré lọ sínú omi. Géètì dà nígbà yẹn?"

Dalenda bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Fi sílẹ̀. Ta ló ń wọ bàtà wọnú òkun?"

Adájọ́ yíjú sí ọlọ́dẹ, ó ní kó lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá.