Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Àjà

Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé àwọn Faransé ní Àjàṣẹ́ tí mo padà sílé ní Adja-Ouèrè, ikán ti jẹ àjà yàrá ìyá mi. Igi ni wọ́n tò lé orí ògiri, tí wọ́n fi amọ̀ tó nípọn rẹ́ ẹ lókè. Bí ó bá wó, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbé nìyẹn. Bàbá mi ní a óò tú u kí òjò tó dé.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe iṣẹ́ náà ni mo ń bẹ̀rù, bàbá mi ni ọkàn mi ń ro. Mo ti pẹ́ lẹ́yìn odi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń mọ̀ ọ́n ni, n kò fẹ́ kí amọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi.

Èmi àti ìyá mi kó ẹrù jáde. Bàbá mi gun orí àjà, ó ń fi ọkọ́ ha amọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi apẹ̀rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mi. A kò ní yọ igi kankan àfi bí amọ̀ bá tán.

Ibi tí a dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Ìkpìnlè, fi yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Kí n tó lanu, bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lókè. Bó ti ṣe máa ń kí i láti kékeré nìyẹn. Igi kan dún kà! Amọ̀ dà sílẹ̀. Igi abẹ́ àyà rẹ̀ ti sán, àwọn yòókù ló gbé e dúró nítorí pé ó nà tàntàn lé wọn. Bó bá dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gba àárín wọn já.

Bàbá Ìkpìnlè fẹ́ sọ pé kó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì ní kí wọ́n dìde! Ẹ máa súre lọ!" ni mo ké.

Nílé wa, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde bí ìre kò bá tíì tán. Ó yé Bàbá Ìkpìnlè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Wàá gbó, wàá tọ́."

"Ó ti gbó, Bàbá, ẹ wá òmíràn!" ni ìyá mi wí. Òun àti èmi ti ń gbé igi tí orí rẹ̀ pín sí méjì bọ̀.

"Ilé rẹ kò ní wó..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ ilé!" ni bàbá mi ké látòkè.

A fi igi náà ti èyí tó sán, a fi òkúta há ìdí rẹ̀. Bàbá Ìkpìnlè ti súre dé orí ewúrẹ́ kí n tó ní ó tó.

"Dìde, àbúrò mi."

Bàbá mi rá kòrò dé ìdí ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, n kò lè fi í sílẹ̀. Mo sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Ó dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. Òun ti ń tẹ̀ ba láti tún dọ̀bálẹ̀.

"Dúró jẹ́jẹ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Kò sí ìre lẹ́nu mi mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, á gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ má kí i o, ó wà lókè!" Bẹ́ẹ̀ ni àjà náà ṣe tú tán, kò sì sí ẹni tó farapa.