Ọwọ́ Tíṣà Lára Pákó

Bí mo bá gbóòórùn pákó lẹ́ẹ̀kan péré ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀bà-Ilé, mo lè sọ iye ẹyẹ tó ti sùn lórí igi náà fún yín, àti èyí tó ń hanrun nínú wọn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Imú yìí ló gbé mi dé Oǹdó, nílé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí àìsàn ti jẹ tán, tó ní kí n fi pákó bo ògiri pálọ̀ òun kí òun tó kú. Kò fi ṣàwàdà.

Lẹ́yìn tí mo kan pákó mọ́ ògiri, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ha á. Mo lo sánpépà tó le, kí n tó mú èyí tó kúnná, mo ń tẹ̀ lé bí iṣan igi ṣe lọ. Eruku bò mí dé ìpéǹpéjú. Tíṣà á jókòó, ìyàwó rẹ̀ á máa fi òrí pa á lára, torí awọ rẹ̀ ti ń ya bí èèpo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó ṣàdédé dìde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Mo pariwo, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Òrí wà lọ́wọ́ yín!"

"Ilé ta ni?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Tíṣà kò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo po àwọ̀ mọ́ tínà tí a fi ń la ọ̀dà, mo fi àkísà kun pákó. Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ fi tínà nu òrí náà kúrò, ọ̀lẹ ni kò jẹ́. Àwọ̀ kì í mú ibi tí ọ̀rá bá wà. Gbogbo ògiri pọ́n bí obì, àfi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí àtẹ́lẹwọ́ kan yọ síta, tòun ti ìka márùn-ún. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí fóònù mi dún. Ìyàwó Tíṣà ni. Bàbá ti lọ.

Mo fi ọwọ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá náà dé, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó ní, "Káfíńtà, Ọlọ́run á bù kún yín." Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn èèyàn á sì máa nu ojú.

Mo ti dàgbà ju kí n máa gbé èyí kiri lọ. Ibi tí mo ti ní mo fi ọwọ́ náà sílẹ̀, irọ́ ni. Mo rò ó pé àwọn tó ń bọ̀ wá kẹ́dùn á ní iṣẹ́ mi kò dára. Mo fi sánpépà ha á kúrò, mo tún un kùn, ó bá ìyókù mu rẹ́gí. Ìyá náà wọlé, ó lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń fọwọ́ pa pákó náà.

"Káfíńtà, ibí ló fọwọ́ kàn lánàá, àbí? Kò fi àpá kankan sílẹ̀?"

Mo ní rárá, Mà. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀.