Ìbọn Tí Wọ́n Ní Kò Lọ́ta Nínú

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní ìbọn yíyìn nínú igbó Ìsọlọ̀, lọ́dún tó tẹ̀lé òmìnira, ni n kò lè gbàgbé láéláé.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ń wá. Ẹni tó bá kùnà lọ́jọ́ náà, ilé ló ń lọ. Ìbọn bàbá mi ti bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú mi rí, ó gé ìka rẹ̀ méjì. Nítorí náà, akíkanjú ni mí: kí n tó fa ìbọn, mo ti dijú, mo ti pe Bísímílá, èjìká mi ti fò sókè. Ọta márùn-ún ni mo fi dọdẹ àwọsánmà.

Sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ wa, tí mo jù lọ́jọ́ orí, rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ràsákì, ẹni tí ẹ fẹ́ yìnbọn fún ló yẹ kó máa gbàdúrà.”

Ó gba ìbọn, ó ní òun ti ki ọta sí i. Mo dijú, mo fò, mo fà á. Kẹ́! Òfìfo ni. Ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òṣòdì.

Ó tún gbà á. “Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ báyìí náà.”

Mo gbà á gbọ́. Mo lajú, mo rọra fà á.

Gbàà! Nígbà tí etí mi ṣí, ihò ti wà láàárín gbùngbùn pátákó tí wọ́n ní ká máa yìnbọn sí.

“Ẹ ti yege,” ni Sájẹ́ǹtì wí.

Mo rí iṣẹ́ náà gbà. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í ṣẹ́jú mọ́ bí ìbọn bá dún. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.