Bébà Ọ̀nà Iná

Bí mo bá ti gbóòórùn òjé tó ń yọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, etí òsì mi a máa hó.

Ọ̀sán kan ni nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ṣọ́ọ̀bù rédíò bàbá mi ní Bẹẹrẹ. Páànù gbóná lórí wa. Bàbá mi ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá àrùn rédíò nínú bébà tí wọ́n ya ọ̀nà iná sí. Bí mo bá tọ ìlà gba ibi tí kò yẹ, èèkù ẹ̀mú ni wọ́n fi ń gbá mi lọ́mọ ìka.

Ìyá aláṣọ kan wọlé láti Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Rédíò tí bàbá mi bá wọn tún ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá tún ti yadi.

"Gílóòbù inú rẹ̀ ló jó," ni bàbá mi wí, wọn ò tíì tú u.

Nígbà tí wọ́n tú u, mo fìka tọ ìlà orí bébà títí mo fi dé ibi tí iná dúró sí. Inú mi dùn, mo gbàgbé pé ọmọdé kì í dá sọ́rọ̀ oníbàárà.

"Bàbá, gílóòbù ò jó. Wáyà yìí ni wọ́n gé. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń dán."

Ìyá náà wo wáyà, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n gbé rédíò wọn.

"Ọmọ yín mọ̀wé," ni wọ́n wí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ìgbátí dún létí mi.

"Ta ló bi ọ́ léèrè? Elénìní!"

Bàbá mi fa bébà náà ya. Mo ń sunkún pé mo ṣì í kà.

Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó rántí pé ẹ̀mú kan ṣoṣo ló ń gé wáyà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kì í sì í kúrò lọ́wọ́ bàbá mi.